Ìṣó Kan ní Yàrá Kẹrin

Ògbifọ̀ kọ́ọ̀tù ni mí ní Ẹ̀pẹ́.
Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ sọdá
bí atukọ̀ tí ń gbé èrò kọjá ọ̀sà;
n kì í bèèrè ohun tó wà nínú ẹrù.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí ni ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun.

Bàbá Tìjání Òkúnnúgà dúró, ọ̀pá lọ́wọ́ òsì,
apá ọ̀tún tí rọpá-rọsẹ̀ ti pa rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Káfíńtà ọkọ̀ ojú omi ni, nígbà tí apá ṣì jẹ́ apá.
Ọdún mẹ́ta ló ti wà ní Ilé Ìfaratì,
níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò láàárọ̀,
tí ẹnì kan ń bá a bọ bàtà,
ẹgbàá mẹ́fà náírà lóṣooṣù,
tí ọmọ rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ láti Kòtónù.

Kí ló ṣẹ̀?
Ó kan ìṣó.
Ọmọ alásè ló bá a di ìṣó mú, tó dijú pinpin,
ọwọ́ òsì ni bàbá fi gbá a wọlé,
ó wá fi ayùn rẹ̀ kọ́ ibẹ̀,
ayùn tó ti ká léyín bí ẹnu ẹni tó ni ín.

“Ìwé wà,” ni Mátírọ́ọ̀nù Adéṣígbìn wí.
Ojú ewé kẹta, ìlà kẹsàn-án:
ẹni tó ń gbé ibí kì í ṣe ayálégbé,
a kàn yọ̀ǹda yàrá fún un ni,
a sì lè gbà á nígbàkúùgbà.
Ìka bàbá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, aró dúdú,
ìka ọwọ́ tí kò lè gbé nǹkan mọ́.
Ọjọ́ méje ni wọ́n fún un kó fi kẹ́rù.

Lọ́yà ọ̀fẹ́, ọmọdébìnrin tí gílóòbù ojú rẹ̀ ń yọ̀, dìde:
“Olúwa mi, ẹ kọ ‘àgùntàn’ sára ewúrẹ́,
bó bá máa ké, bí ewúrẹ́ ni.
Ó ń sanwó. Ó ní ilẹ̀kùn. Òun nìkan ló ń sùn níbẹ̀.”
Lọ́yà kejì ò tiẹ̀ dìde tán:
“Mátírọ́ọ̀nù ní kọ́kọ́rọ́ kejì.
Wọ́n ń wọlé tọ̀ ọ́ láìkànlẹ̀kùn.”

Májísírétì kọjú sí mi: ṣàlàyé fún bàbá,
èwo lòun pe ara òun nínú méjèèjì?
Ayálégbé rọrùn. Ìkejì ńkọ́?
Àlejò? Àlejò a máa mọ ọjọ́ tó ń lọ.
Ẹni à ń ṣàánú? Ta ni yóò sọ ìyẹn sí àgbà lójú gbogbo ayé?
Mo ní, “ẹni tí a yọ̀ǹda fún,”
ó sì dún lẹ́nu mi bí ìgbà tí tíṣà
bá yọ̀ǹda fún ọmọdé kó lọ tọ̀.

Bàbá wò mí pẹ́.
“Ọmọ mi, bi wọ́n léèrè fún mi:
nítorí pé wọ́n ń wọlé lóru wá fún mi lóògùn,
ìyẹn ló sọ mí di àlejò?
Ogójì ọdún nìyàwó mi fi wọlé tọ̀ mí láìkànlẹ̀kùn.
Ilé mi náà ni.”

Mo gbé e sọdá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kéré fún un,
ó di, “Ó ní ilé òun ni.”
Ìyàwó rẹ̀ ṣubú sómi lọ́nà.

Wọ́n sún ẹjọ́ sí ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù tó ń bọ̀.
Títí dìgbà náà, ni májísírétì wí,
kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìṣó yẹn.

Mo délé ní Pópó-Ọba, mo tanná.
Ọdún kẹfà tí mo ń sanwó yàrá yìí,
góòmù ni mo fi lẹ kàlẹ́ńdà mọ́ ògiri.
Mo lọ yá òòlù lọ́wọ́ aládùúgbò mi.
Kò sí nílé.