Eku Tí Wọ́n Ní Kí N Dì Mú

Ọgọ́ta ọdún ni mo fi lé eku nínú yàrá wàràkàṣì,
mo fi ìgbálẹ̀ lé e, mo fi ológbò dẹ ẹ́,
àfi bí Nélio, ọmọ Graça tó ń tún rédíò ṣe,
ṣe mú ọ̀kan lé mi lọ́wọ́ ní ilé ìkàwé Calheta.
"Ẹ rọra dì í mú, Ìyá Deolinda. Kì í buni jẹ."

Ọwọ́ tó ń fún wàrà màlúù mẹ́rìnlá kí ilẹ̀ tó mọ́
ń gbọ̀n lórí eku tí kò tó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ.
Mo tì í, ọfà kékeré kan sá lọ sí igun gíláàsì.

"Fèrèsé rèé. Ibi tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ kọ ọ́ sókè yìí."
Mo wo fèrèsé gidi: kùrukùru ti bo òkè Pico,
ọkọ̀ ojú omi àárọ̀ kò tí ì dé.
Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè rìnrìn àjò lọ́jọ́ báyìí.

Ìka kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibẹ̀. Ara wa le.
Ẹ jọ̀wọ́, mò ń wá àbúrò mi, Hermínio,
tó lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún tí ilẹ̀ mì…
Nélio rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹlẹ́yà.
"Ẹ̀rọ yìí ò mọ ìkíni, ìyá. Orúkọ rẹ̀ àti ìlú ti tó.
Ẹ fi àmì àyọlò há orúkọ náà láàárín,
bí ẹ ṣe ń fi ògiri òkúta há màlúù mọ́ pápá."

Hermínio kìíní ń ta ilé ní São Paulo.
Ìkejì ti kú, òdòdó yí i ká.
Ìkẹta, bàtà ni wọ́n fẹ́ tà fún mi.
"Ẹ má tẹ ìyẹn. Owó ni wọ́n fi gbé e sókè."
Ìyẹn yé mi. Ìfófó náà máa ń lékè wàrà.

Bí mo bá ṣìnà, kí n tẹ ọfà tó kọjú sẹ́yìn.
Ó gbé mi padà síbi tí mo ti wá, kò bú mi.
Ká ní irú ọfà yẹn wà lẹ́nu ọ̀nà wa
lálẹ́ tí mo sọ fún Hermínio pé pápá ìsàlẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́, ọ̀rọ̀ aṣínà ni wọ́n fi ń wọlé.
Mo kọ Mimosa, orúkọ màlúù mi.
"Gbogbo Calheta ló mọ Mimosa," ni Nélio wí.
Mo fi ohun kan kún un tí mi ò ní sọ níbí.

Ojú kan bá yọ: arúgbó, fìlà koríko, etí bàbá wa.
Tulare ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀.
Èèyàn mọ́kànlélógún ló fẹ́ràn àwòrán náà,
èmi ò sí níbẹ̀.
Ẹ̀rọ béèrè: Ṣé ẹ fẹ́ bá a ṣọ̀rẹ́?

Ọ̀rẹ́ kẹ̀? Ọmú kan náà la mu.
Èmi ni mo ń nu ikun nímú rẹ̀.
Nélio ní kò sí bọ́tìnì mìíràn,
kò sí èyí tí wọ́n kọ "àbúrò" sí,
kò sí èyí tí wọ́n kọ "pápá náà, máa mú un" sí.
Mo tẹ ọ̀rẹ́.
Gíláàsì ní kí n dúró. Mo dúró títí Nélio fi paná.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé.
Mimosa bímọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, abo, iwájú orí rẹ̀ funfun.
Mo ya ọmọ náà, èmi fúnra mi ni mo gbé e síbẹ̀,
mi ò kọ nǹkan kan tì í.
Pápá ìsàlẹ̀ ló sùn sí.
Ẹni tó bá mọ ògiri yẹn á mọ̀ ọ́n.