Kan Ìkòkò Kí O Gbọ́

Ní Dàda tiwa, a kì í fojú nìkan ra ìkòkò.
Ìka la fi ń kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.
Tó bá dún kango, ó yè.
Tó bá dún pó,
bí ikọ́ ẹni tó ń pa á mọ́ra láàárín èrò,
ó ti sán níbi tí ojú ò tó.
Ogójì ọdún ni mo fi kan ìkòkò ní Ìlọrin.
N kò kan ara mi rí.

Ọdún tí a gbé Sàlámátù wọlé fún ọmọ mi
ni nǹkan oṣù ti fi mí sílẹ̀.
Mo ní kó máa lọ ire, a ti bá ara wa ṣe é tán.
Ọmọ Sàlámátù ti ń lọ ilé kéwú báyìí
ló bá tún yọjú, lálẹ́ Àtàláátà,
kò kàn mí lẹ́kùn, kò kí mi.
Ẹ̀kán kan péré.

Mo ní ẹrù amọ̀ ni.
Mo ní ooru iná ló ràn mí nínú.
Mo fọ yẹ̀rì lóru,
mo sá a sẹ́yìn ilé ìwẹ̀ níbi tí òòrùn kì í dé,
kò gbẹ, ó ń rùn,
mo tún un fọ̀.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe inú.
Ìrun ni.
Ta ni n ó bi pé irú ẹ̀jẹ̀ wo rèé,
obìnrin ọgọ́ta ọdún ó dín méjì?
Mo ká ẹní ìrun mi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Bí wọ́n bá pe Àsùbáà, màá dijú bí ẹni tó sùn.

Núsírátù, ọmọ ọdún méje, ló tú mi fó:
"Ìyá àgbà ò kírun mọ́. Ṣé wọ́n ti di kèfèrí ni?"
Agbo ilé bú sẹ́rìn-ín.
Sàlámátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.
Ó wò mí. Ó gba ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ lọ.

Ìyàwó àlùfáà ló fà mí wọ yàrá:
"Ẹ̀jẹ̀ àìsàn kì í dínà ìrun.
Ẹ wẹ̀, ẹ dì í, ẹ ṣe àlùwàlá.
Tí ẹ bá sì ti sálámà, ẹ wọ ọkọ̀ ọsibítù."

Irin tútù. Iná tọ́ọ̀ṣì.
Mo ka ihò ara sílíǹ, mọ́kàndínlógún.
Dókítà gé bíńtín, ó ní ká padà wá lọ́sẹ̀ mẹ́ta.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!
Ìkòkò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti gbẹ, ti jóná, ti dé ọjà.

Jẹjẹrẹ ni. Inú ilé ọmọ ló wà, kò tíì jáde síta.
"Ẹ tètè dé," ni dókítà wí.
Mo rántí yẹ̀rì oṣù mẹ́rin, n kò dá a lóhùn.

Wọ́n gbé e kúrò.
Ọmọ mẹ́fà ló gbé inú rẹ̀, mẹ́rin ló kù.
N kò mọ ibi tí wọ́n kó o dà sí. N kò bèèrè.
Wọ́n tún ní n ó lọ gba iná n'Íbàdàn,
iná tí kò léèéfín.
Mo ní, ẹni tó ń sun amọ̀ láti kékeré,
iná wo ni ó sá fún?
Irọ́ ni mo pa.
Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọwọ́ mi ti há sí ti Sàlámátù.

N kò lè ru amọ̀ mọ́.
Ó máa ń rẹ̀ mí lọ́sàn-án bí ọmọ tuntun.
Oṣù mẹ́ta mẹ́ta, dókítà ń kàn mí, ó ń tẹ́tí.
Títí di òní, ó ń dún kango.
Ọ̀la, n kò mọ̀.

Àwọn obìnrin kan ń wá ra ìkòkò tí wọn ò nílò.
Wọ́n á jókòó. Wọ́n á yí i lọ, yí i bọ̀.
Ní Jímọ̀ tó kọjá, ọ̀kan ní,
"Ọ̀rẹ́ mi kan ni, Ìyá,
ló ń rí ohun tí kò yé e."
Mo bi í pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí,
ṣé ó ti jẹun láàárọ̀?
Ó ní rárá, òun ò tíì jẹ nǹkan kan.

Sàlámátù ti ń wá bàtà rẹ̀.