Òkè Ni Kí O Kọ́kọ́ Tú

Bàbá mi jókòó sórí korobá tó dojú bolẹ̀,
ẹsẹ̀ ọ̀tún nínú símẹ́ńtì funfun, ife kọfí lọ́wọ́.
Èmi ni mo wà lábẹ́ píkọ́ọ̀pù,
lórí páálí tí yìnyín ti rin gbingbin,
ní Montana níbí, níbi tí òtútù Èrèlé
ti ń lẹ awọ ọwọ́ mọ́ irin.
Igba màlúù ń dúró de koríko gbígbẹ,
táyà iwájú kò sì bá tẹ̀yìn ṣiṣẹ́ mọ́.

"Kí lo rí?" ni Orrin Tollefson wí.
(Bàbá ni mò ń pè é lójú. Orrin ni lọ́kàn mi,
láti ọjọ́ tí màmá mi ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Spokane.)
"Mo rí ẹrẹ̀."
"Ẹrẹ̀ kì í ṣe orúkọ. Nù ún."

Mo fi kẹrosíìnì nù ún, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á.
Jíàbọ́ọ̀sì ńlá wà níwájú, ẹnikẹ́ni ò lè ṣì í mọ̀.
Èyí tí mò ń wá ló pọ̀n mọ́ ọn lẹ́yìn,
àpótí kékeré tó ń gba agbára ẹ́ńjìnnì
tó ń pín in fún ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn,
bí ẹni ń pín ogún tí kò sì dìjà.

"Fi òòfà kàn án."
Òòfà lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kẹ́.
"Irin ni. Kì í ṣe àlùmíníọ́mù. Ó gùn, àbí ó ṣù jọ?"
"Ó ṣù jọ bí ìkúùkù."
"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, Ardis.
Wá àwo roboto kan lẹ́yìn rẹ̀, kò ju owó idẹ lọ."

Mo rí i. Ọ̀dà pupa ti ṣí lára rẹ̀,
ìpẹtà ti jẹ nọ́ńbà àkọ́kọ́,
òdo àti márùn-ún ló ṣẹ́kù.
"Igba lé márùn-ún," ni bàbá mi wí,
ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni gbọ́ orúkọ ọ̀rẹ́.
"Jíà sí jíà ni, kò ní ṣéènì tó lè já.
Òun ló gbé ìyá rẹ la yìnyín kọjá lálẹ́ tí a bí ọ."
Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.
Omi yìnyín kán sí mi létí.

Bóòtù méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.
Mo ti gbé sípánà lé ti ìsàlẹ̀.
"Dúró!" Ife kọfí já bọ́.
"Òkè ni kí o kọ́kọ́ tú!
Bí o bá da ọ́ìlì inú rẹ̀ nù tán
tí ti òkè wá kọ̀ tí kò tú,
ibo lo máa gbà rọ tuntun?
Mo ti ṣe é rí. Mo da gbogbo rẹ̀ nù
kí n tó mọ̀ pé ọ̀nà àtirọ padà ti dí."
N kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ló ń wí. N kò bèèrè.

Ti òkè kọ̀. Mo fi páìpù gùn sípánà lápá,
mo bú u ní èdè Norway tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ fún wa,
èébú nìkan la rántí níbẹ̀.
Ó han gooro, ó tú.
Ti ìsàlẹ̀ rọ̀ bí ẹni tó ti ń retí mi.

Ọ́ìlì dúdú, ó ń rùn bí irun tó jó.
Mo na ìka síta. Ó fi àtàǹpàkò rà á,
ó gbé e sí oòrùn:
eruku irin wínníwínní, kò sí eyín jíà tó kán.
"Kò tíì bàjẹ́. A kàn pẹ́ jù ni."

Mo rọ tuntun títí ó fi ṣàn lẹ́nu ihò òkè,
mo fi gíríìsì pa ìdí ọ̀pá tó ti dípẹtà,
òun gan-an ló ń ṣagídí látọjọ́ yìí.

Nínú pápá, mo fa ọ̀pá kékeré sẹ́yìn. Ó wọlé: kọ̀.
Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di yìnyín mú.
Bàbá mi ń wo àwọn màlúù.
"Spokane ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà," ló wí, "bí jíà bá dára."
Mo ní ká kọ́kọ́ já koríko.