Ogún Mẹ́rin

Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó gbọ́
pé obìnrin ni àga, ọkùnrin ni ìwé,
pé òṣùpá ń ró ìró, oòrùn ń wọ ṣòkòtò
lédè àwọn Faransé.
Ìyáàfin Ọ̀ṣífẹ̀sọ̀ ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀ ní Sátidé,
ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àwa mẹ́fà,
èmi nìkan ni mo hewú.
"Ẹ má fi sílẹ̀ síbí o. Ẹ gbé e délé.
Èdè tí kì í jáde lẹ́nu, ikán ni yóò jẹ ẹ́."

Ta ni kí n gbé e bá ní Ìpẹ́rù?
Mo kí ewúrẹ́ ará ẹ̀yìnkùlé: "Bọ̀njúù."
Ó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ.
Mo kí dígí. Dígí dáhùn,
àmọ́ àṣìṣe tèmi gan-an ni òun náà ṣe.
Ọmọ mi pè: "Mọ́mì, ta lẹ tiẹ̀ fẹ́ bá sọ ọ́?"
Ọdún márùndínlógójì ni mo fi bi èèyàn
níbo ló ń dùn yín, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀.
Mo fẹ́ ẹnu kan
tí kò tíì bi ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí.

Dòsù ti Àjàṣẹ́ wá, ó wá tẹ táìsì sílé mi.
Ọmọ ẹ̀yìn ìbejì ni; Ìdòwú la ó pè é níbí.
Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ tó fẹ́ tọrọ mílíìkì:
"Bọ̀njúù, mùsíọ̀. Kọ̀mán taléfù?"
Ètè mi wá lẹ́tà tó wà láàárín eyín àti afẹ́fẹ́,
kò rí i, ó fi "f" dí i.
Ó gbójú sókè, símẹ́ńtì ní ìpéǹpéjú:
"Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì. Ara le. Omi dà?"

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.
Omi di "ló", òòlù di "màtó".
Lọ́sàn-án, a rẹ gàrí, mo ní ebi ń pa mí.
Ó ní wọn kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, "jé fẹ̀n" ni,
mo ní ebi, bí ẹni tó ní àpò.
Tiwa ń pani. Tiwọn, èèyàn ń gbé e kiri.

Ọjọ́ tí páálí táìsì dé, a jọ kà á.
Mo ń bọ̀ wẹ́rẹ́ títí dé ọgọ́ta.
Ó dé àádọ́rin, ó ní ọgọ́ta-mẹ́wàá. Mo rẹ́rìn-ín.
Ó dé ọgọ́rin, ó ní: "Kátì-fẹ̀n."
Kátì, mẹ́rin. Fẹ̀n, ogún.
Ogún mẹ́rin!
Mo jókòó sórí páálí.
Bàbá mi tó ń ta obì ní Ṣàgámù,
ogún-ogún ló ń dì í sínú ewé,
ogún mẹ́rin, ọgọ́rin, títí ó fi kú
kò mọ̀ pé òun ń sọ Faransé.

"Àádọ́rùn-ún ńkọ́?" Mo ń kánjú bí ẹni rí ẹbí.
"Kátì-fẹ̀n-dìsì." Ogún mẹ́rin àti mẹ́wàá.
Áà. Ibẹ̀ la ti pínyà ní oríta:
wọ́n ṣì ń gun òkè,
àwa ti débẹ̀, a ń fi mẹ́wàá padà sẹ́yìn.

Dòsù ń fi èèkù òòlù kan táìsì, kó, kó,
ó ń gbọ́ èyí tínú rẹ̀ ṣófo.
"Tó bá kọjá ọgọ́rùn-ún, Mọ́mì, Gùn ni mo fi ń kà.
Tíṣà máa ń nà wá bá a bá sọ Gùn.
Kíláàsì kejì ni mo ti sá."
Ohun tí mo fi ń ṣeré,
pàṣán ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Ọjọ́ tíṣẹ́ parí, mo sanwó, ọ̀rọ̀ ṣì mí lẹ́nu:
"À dùmẹ̀n." Ó dọ̀la.
Ọ̀la ò sí nínú iṣẹ́ náà mọ́. Ó mọ̀.
"À dùmẹ̀n, Mọ́mì."
Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Láràárọ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán,
mo ń ka táìsì ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí bálùwẹ̀.
Ní kátì-fẹ̀n géé
ọ̀kan ń dún lábẹ́ gìgísẹ̀ mi, inú rẹ̀ ṣófo.
Mi ò tíì pe ẹnikẹ́ni kó wá tún un ṣe.