Onídùúró Ti Jókòó

Oṣù méjìlá ni ìwé onídùúró kà.
Oṣù kẹtàlá wọ ọjọ́ kẹsàn-án,
etí bàbá mi bá tún di.

Kì í ṣe etí tí wọ́n bí mọ́ ọn ni mo ń wí,
ìyẹn ti di láti ọdún tí ìyá wa ti kú.
Etí tí a rà ni:
ẹ̀rọ bíńtín tó tẹ̀ kọdọrọ bí ẹ̀wà,
owó ìfẹ̀yìntì oṣù mẹ́jọ ló bá a lọ.

Mo fi òwú tẹ́ inú páálí rẹ̀,
mo wọ ọ̀kadà láti Bọ́lọ́rundúró dé Ẹ̀rẹ̀jà.
Ìtùnú, ọmọ tó ń tajà, wo déètì ara ìwé,
ó fi èékánná pupa tọ́ka sí i:
"Màmá, onídùúró yín ti parí."
Mo ní, "Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré, ọmọ mi."
Ó ní kọ̀ǹpútà ò mọ "péré".

Iléṣà ní kí n pe Ìbàdàn.
Ìbàdàn ní kí n pe Èkó.
Èkó fi fèrè dá mi lóhùn, fèrè tí kò lópin,
káàdì mi jó tán lórí fèrè.
Nígbà tí ènìyàn sọ̀rọ̀, ó ní kí n ra tuntun,
pé èyí tó wà nílẹ̀ báyìí dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.
Ṣé táyà ni etí ni?

Nílé, mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?"
Ó ní, "Ó ti sùn. Má jí i."
N kò mọ ẹni tó ń wí.
Irọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n.

Bàbá yìí! Òṣómàáló ni nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lágbára,
ó ń di aṣọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ dé Kàbà,
ó ń tà á láwìn, ó ń padà lọ́jọ́ àdéhùn.
Bí onígbèsè bá ní, "Ẹ jókòó," kò ní jókòó.
Bó bá ní, "Ẹ wá lọ́la," kò ní lọ.
Á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ilẹ̀,
títí owó á fi jáde lábẹ́ ẹní.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo padà sí Ẹ̀rẹ̀jà.
Bí onídùúró bá ti jókòó,
ó kù kí ẹnìkan lóṣòó.
Mo ká ìró mi sókè, mo lóṣòó sẹ́nu ilẹ̀kùn gíláàsì wọn,
èmi ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta,
orúnkún ọ̀tún ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́.
Àwọn oníbàárà ń ré mi kọjá bí ẹni ń ré gọ́tà.
Ìtùnú gbé àga wá. Mo kọ̀.
Ọ̀gá wọn, Fáṣọgbọ́n, yọjú láti ẹ̀yìn fíríìjì,
ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.
Bàbá tirẹ̀ náà ti lóṣòó rí. Ojú rẹ̀ ni mo ti kà á.

Kò fún mi ní tuntun, ẹ má jẹ̀ẹ́ n purọ́.
Ó kọ orúkọ kan sẹ́yìn rìsíìtì:
Músílíù, ọmọ Alájì aláago, ní Ìsọ̀kùn.
Ó ní fóònù ló ń tún ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n.

Músílíù fi awò bo ojú kan, ó tú u.
Ó ní òógùn ló pa á,
iyọ̀ ti jẹ wáyà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ.
Ọjọ́ mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún méje náírà, kò sí ìwé.
Mo ní, "Bó bá tún kú ńkọ́?"
Ó ní, "Ẹ tún gbé e wá."

Ó ń ṣiṣẹ́ báyìí, bó ṣe wù ú.
Bàbá mi ń gbọ́ òjò lórí páànù,
ó ń gbọ́ adìẹ aládùúgbò.
Orúkọ mi ni kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́.
Lánàá mo tún bi í bóyá ó ti jẹun.
Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí, ó dákẹ́ títí,
ó ní, "Mo gbọ́. Má pariwo, yóò jí."
Mo jókòó tì í.
Orúnkún ṣì ń ro mí.