Ẹni Tó Ń Ṣí Ìwé

Ní Vardø, ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Nọ́wè,
níbi tí oòrùn ti ń gba ìsinmi oṣù méjì lọ́dọọdún
tí ẹnikẹ́ni kì í bi í pé níbo lo lọ,
ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí pásítọ̀ wá sílé wa
tó ní, "Ragnfrid, ṣé o mọ ìwé orin kà?"
Mo ní díẹ̀díẹ̀.
Ó ní díẹ̀díẹ̀ náà ti tó.

Wọ́n bá ọkọ̀ ojú omi dé, àwọn méjèèjì.
Gunnvor ló ń ta sẹ́lò, Eilif ló ń tẹ píánò.
Wọn kì í ṣe tọkọtaya. Àwọn ìyá ìjọ bèèrè,
wọ́n gbé kọfí wá, wọ́n tún bèèrè.
Gunnvor rẹ́rìn-ín: "Ìgbéyàwó rọrùn ju èyí lọ."

Sẹ́lò rẹ̀ dàgbà ju baba ńlá mi lọ.
Bí wọ́n bá wọ bàálù, ó ní tikẹ́ẹ̀tì tirẹ̀,
wọ́n á fi bẹ́líìtì dè é mọ́ ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,
ẹni tí kì í jẹun, tí kì í mu omi,
tó sì ń jẹ ìdajì owó iṣẹ́ wọn.

Píánò tiwa, ẹ má jẹ́ kí n purọ́,
iyọ̀ òkun ti jẹ ẹ́ nínú.
Eyín kan wà lápá ọ̀tún tí kì í fọhùn
àfi bí wọ́n bá gbá a bí ẹni ń kan ìṣó.

Iṣẹ́ mi kò ju kí n jókòó sápá òsì Eilif,
bó bá mirí lẹ́ẹ̀kan, kí n dìde, kí n ṣí ojú ewé.
Ẹni tó ń ṣí ìwé kì í gbọ́ orin.
Ó ń kà á ni, bí ẹni ń ka owó olówó,
ìbẹ̀rù àṣìṣe ti dí i létí.
Owó iṣẹ́ mi: ṣokoléètì kan.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ṣe é.
Láàárín rẹ̀ ni mo wọṣẹ́ nílé ẹja, mo lọ sílé ọkọ, mo bímọ méjì.
Bí oṣù Ṣẹ́rẹ́ bá dé, ma fọ òórùn pánlá kúrò lọ́wọ́
lẹ́ẹ̀mẹta, kí ìwé orin má bàa gbé e lọ sí Oslo.

Ọwọ́ ni mo mọ̀ ju ojú lọ.
Mo rí i nígbà tí òrùka kúrò níka Eilif.
Mo rí i nígbà tí ìka kékeré ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n,
díẹ̀, bí okùn àwọ̀n lẹ́yìn tí ẹja ti já bọ́.
Gunnvor ti rí i ṣáájú mi.
Níbi tó bá ti le, ó ń fa ọrun rẹ̀ gùn sí i,
ó ń fi ohùn sẹ́lò bò ó
bí a ti ń fa aṣọ bo ọmọ tó sùn.
Ọrun tí kì í ta ọfà,
ó ń gba ọfà sára nítorí ẹlòmíràn.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan láti Aarhus ló bá a wá,
Villads, bàtà funfun nínú yìnyín.
Tábúlẹ́ẹ̀tì ló gbé ka orí píánò, ẹsẹ̀ ló fi ń ṣí ìwé.
Ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú.
Gunnvor ní Eilif ń kí mi láti Trondheim:
ọwọ́ òun ti fẹ̀yìn tì, etí òun kò tíì.

Mo lọ jókòó láàárín ọkọ mi àti apẹja kan tó ń húkọ́.
Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ sẹ́lò láti iwájú.
Kò gba etí wá. Ó gba abẹ́ pákó,
ó gba àtẹ́lẹsẹ̀ gun orúnkún mi.
Mo mọ ibi tí ojú ewé keje ti parí.
Nígbà tó débẹ̀, Gunnvor gbójú sókè,
kò wo Villads,
ó wo àyè òfìfo tó wà lápá òsì píánò.

Mo ti dìde kí n tó mọ̀.
Ọkọ mi fà mí láṣọ, ó ní, "Kí ló dé?"