Katakata Mẹ́fà

Mo ta katakata mẹ́fà lọ́sẹ̀ tó kọjá.
Pupa mẹ́rin, aláwọ̀ ewé méjì.
Ọ̀kan lọ sí Ìlọrin, ọ̀kan sí Ọ̀ffà,
mẹ́rin yòókù lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan l'Ómù-Àrán
tó bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì, tí kò fẹ́ ìjà nínú ilé.
Èmi tí mo tà wọ́n rèé,
ọkọ́ ni mo fi ń kọ ebè.

Ìjárá ni mo wà báyìí, lórí ilẹ̀ ìyá ìyá mi,
éékà kan ààbọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kajú mẹ́ta tó ti gbó.
Nígbà tí onílé fowó lé owó ilé n'Ílọrin,
mo kó páálí mọ́kàndínlógún sẹ́yìn ọkọ̀ elélùbọ́,
bèbí, bọ́ọ̀lù, ẹṣin oníke,
mo ní kí n lọ gbin iṣu, kí n máa ta ìṣeré lórí fóònù.
Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀:
"Bèbí lọ́wọ́ ọ̀tún, ọkọ́ lọ́wọ́ òsì,
èwo lo máa fi jẹun?"
N kò tíì dá a lóhùn.

Yàrá kan ṣoṣo ni.
Èbù iṣu sùn sápá kan, páálí sùn sápá kejì,
èmi sùn sáàárín bí ọkọ oníyàwó méjì.
Lóru ọjọ́ kan eku gun bèbí láyà,
bèbí bú sẹ́kún, "Mọ́mì! Mọ́mì!"
Adìẹ tó ń sàba lẹ́yìn ilẹ̀kùn fò dìde,
ẹyin méjì fọ́.
Mo yọ bátìrì gbogbo wọn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Orí àpáta lẹ́yìn ilé ìwé ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà.
Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń gùn ún, ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, fóònù lọ́wọ́.
Èló ni? Ẹ ò lè dín in? Ṣé ó ní àwọ̀ búlúù?
Ẹnìkan béèrè òpópónà tí ṣọ́ọ̀bù wa wà.
Mo bojú wolẹ̀: ewúrẹ́, ẹ̀gẹ́, èéfín iná Ìyá Sínátù.
Mo ní, "A wà nítòsí."

Bàbá Adéwọyin ló ń kọ́ mi ní ebè kíkọ.
Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Ó fẹsẹ̀ kan èyí tí mo kọ, ebè wó.
"Ìṣeré lèyí."
Mo tún un kọ.
N kò sọ fún un pé ìṣeré ló sanwó èbù.

Lọ́jọ́ tí òjò ká páànù kan kúrò lórí wa,
páálí méje mumi.
Mo kó màlúù oníke, àgbò, ẹṣin, erin,
mo tò wọ́n sórí ebè kí oòrùn lè rí wọn.
Gàníyù ọmọ Ìyá Sínátù dúró, ó ń wò,
òun tó fi pòròpórò bàbà kan mọ́tò fúnra rẹ̀,
tó fi ìdérí ìgò ṣe táyà.
Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, màlúù yín ti wọko o!"
La bá fi igi lé wọn, à ń pariwo, à ń sáré.
Bàbá Adéwọyin náà sọ òkò kan.

Fọ́tò tí mo yà lọ́jọ́ náà ló ta mẹ́fà wọ̀nyẹn:
katakata pupa, lórí ebè gidi.
Mo fún Gàníyù ní ìkeje.
Ó yí i wò, ó yọ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin
sí mọ́tò pòròpórò rẹ̀,
ó dá ìyókù padà fún mi, ó dúpẹ́.

Lónìí ẹnìkan kọ̀wé láti Àjàṣẹ́-Ìpo:
"Ṣé ó máa tọ́jọ́?"
Ilẹ̀ ń ṣú. Mo ka ebè láti orí àpáta,
igba ó lé mọ́kànlá,
ikán ti jẹ mẹ́ta.
Mo tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni," mo pa á rẹ́.
Mo tẹ "Ẹ jẹ́ kí òjò kejì rọ̀ ná,"
mo pa ìyẹn náà rẹ́,
mo wá kọ iye owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí i.